Nígbà Tí Nọ́ọ̀sì Bá Sọ Pé Ọmọ Wa Ti Sanra Jù

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìyá tí inú rẹ̀ kì í dùn bí a bá sọ fún un pé ara ọmọ rẹ̀ kún. Bí a bá pàdé ọ̀rẹ́ wa lọ́jà tí ó ti pẹ́ tí a ti rí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí a pọ̀n ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí rọ́bọ́tọ́, yóò ní, “Ọmọ yìí mà dá múṣémúṣé o! Ìyá rẹ̀ kú ìtọ́jú.” Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, yóò dákẹ́, ìdákẹ́ náà a sì máa dun ìyá ju èébú lọ. Ní Èjìgbò tí mo ń gbé yìí, ìlú Ògìyán, òrìṣà tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ ti iyán, ìyàwó ilé wo ni yóò dín òkèlè kù nínú àwo ọmọ tí àwọn ará ilé kò ní bi í pé kí ló dé?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe àwọn ìyá wa àgbà ní òpè nítorí èyí. Ohun tí ojú wọn rí ni ó kọ́ wọn. Ní ayé ìgbà tí èéyi àti ikọ́ líle ń pa ọmọ wẹẹrẹ, ọmọ tí ó ní ẹran lára ni ó ní ohun tí àìsàn yóò jẹ kù. Nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí ni a sì ti dá ọ̀nà kan sílẹ̀ láti gbógun ti rírù àwọn ọmọ, ọ̀nà tí gbogbo ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Wọn a wọn ọmọ, wọn a fi ààmì sí orí káàdì, wọn a sì dá káàdì náà padà fún ìyá kí ó lọ gbé e pamọ́ sílé nínú ọ̀rá. Ìlà méjì ni ó wà lára káàdì yìí, àárín ìlà méjèèjì ni ọ̀nà ìlera. Ọmọ tí ààmì rẹ̀ bá ń já wálẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yóò sáré sí kí ikú tó débẹ̀. Ọmọ-ọmọ káàdì náà ni èyí tí wọ́n ń fún wa lónìí nígbà tí a bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ṣùgbọ́n rírù ni wọ́n ṣe káàdì ìgbà náà fún. Ọjọ́ orí ọmọ àti bí ó ṣe wúwo tó nìkan ni ó ń sọ fún wa, kò béèrè bí ó ṣe ga tó. Ọmọ tí ó ga tí eegun rẹ̀ sì le, àti ọmọ kúkúrú tí ọ̀rá bò, ojú kan náà ni ààmì àwọn méjèèjì lè bọ́ sí. Àwa ìyá sì ti fi òye tiwa túmọ̀ rẹ̀ pé bí ààmì bá ṣe ń gòkè sí i ni ó ṣe ń dára sí i. Ohun kan tún wà tí ó burú jù èyí lọ. Bí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ èéyi ti oṣù 9 àti ti oṣù 15 tán, ìyá a da káàdì sínú àpótí, ó di ìgbà náà. Láti ọjọ́ náà títí ọmọ yóò fi di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àfi bí ibà bá mú un ni nọ́ọ̀sì tún máa rí i. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò kọjá láìsí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n.

N kò fẹ́ kí ìyá kankan ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí kí ó sì dìde lọ dín oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kù. Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àwọn 37 ni kò ga tó bí ó ti yẹ nítorí àìjẹunre-kánú, àwọn 2 péré ni ó sanra jù. Ebi ṣì ni ọ̀tá wa àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti kọjá ọdún 5 ni ìtàn ń yí padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 390 àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 ní gbogbo ayé tí ara wọn wúwo jù, mílíọ̀nù 160 nínú wọn ni ó sì ti sanra dé ìpele àìsàn. Kì í ṣe ọmọ òyìnbó nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Èjìgbò ní aago méjì ọ̀sán, kí ẹ wo iye ọmọ tí ọ̀kadà ń dúró dè, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò mọ̀ pé Àbíjàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àdúgbò kan nínú ìlú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ọkọ̀ ń là kọjá kí ó tó débẹ̀. Ibẹ̀ ni àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣòwò. Nígbà tí ọmọ wọn obìnrin pé ọdún 10, wọ́n dá a padà wá sílé kí ó wá kàwé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Ìyá rẹ̀ dé bá a lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ọmọ náà ti di ọdún 11 nígbà náà, a sì jọ mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kí ó lọ gba abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí ó fún un ní abẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí ó dìde kíá. Ọrùn ọmọ náà ni ó ń wò. Àbúrò mi rí ibi tí ojú rẹ̀ wà, ó sì yára sọ pé, “Ẹ má bínú, Mátíróònù. Ìdọ̀tí ni. Mo ti fi kànìnkànìn ha á títí, kò lọ.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ má ha á mọ́, ẹ ó bó o lára. Kì í ṣe ìdọ̀tí.”

Ó pe ọ̀dọ́mọbìnrin òṣìṣẹ́ ìlera kan pé kí ó mú ọmọ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbà tí wọ́n jáde tán ni ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn èyí. Kò sọ̀rọ̀ nípa ara ọmọ lórí ọmọ bí ẹni tí ń ná ewúrẹ́. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀rá bá pọ̀ jù lára, ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu mọ́, èyí tí ó ń kó ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí yóò ti wúlò. Nígbà náà ni ara yóò máa pèsè ínsúlíìnì lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí ni ó sì ń mú kí awọ ọrùn àti abíyá dúdú, kí ó nípọn, kí ó rí bí aṣọ àrán. Ara ń kígbe pé kí a wá wo òun ni. Ó wọn ọmọ náà: kílógíráàmù 58. Ó mú un dúró ti ògiri níbi tí ó ti lẹ téèpù mọ́: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 45.

Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ, ìṣirò náà kò sì ṣe àjèjì sí mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀ ọ́n. A ó fi gíga ọmọ ní mítà pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílógíráàmù, a ó sì tún fi gíga kan náà pín ohun tí ó bá jáde. 58 tí a fi 1.45 pín jẹ́ 40. 40 tí a fi 1.45 pín ju 27 lọ díẹ̀. Fún àgbàlagbà, iye yìí kò burú púpọ̀, ṣùgbọ́n a kì í fi òṣùwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọdé. Àtẹ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2007 ni nọ́ọ̀sì máa ń wò, èyí tí ó ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, tí ó sì ya ọdún sọ́tọ̀ kúrò lára ọdún. Fún ọmọbìnrin ọdún 11, bí iye náà bá kọjá 20, ara rẹ̀ ti ń wúwo jù. Bí ó bá kọjá 24, ó ti sanra jù. Ọmọ wa wà ní 27.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ ọmọ ń han-run lóru, tàbí kí èémí rẹ̀ máa dá dúró? Ǹjẹ́ ó ń jí mu omi, tí ó sì ń tọ̀ nígbà púpọ̀? Ṣé orúnkún tàbí ìbàdí ń dùn ún, ṣé ó ń tiro? Ìgbà wo ni sísanra náà bẹ̀rẹ̀, ṣé ó sì ń ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọmọ tí ó ń sanra tí kò sì ga mọ́ lè ní àìsàn mìíràn tí ó jẹ́ ti dókítà. Ǹjẹ́ ó ti lo oògùn kan pẹ́ fún ikọ́ fée tàbí fún awọ ara? Ta ni ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí? Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì wá èyí tí ó bá apá ọmọdé mu. Níkẹyìn ó kọ ìwé kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá fún àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì dé, kò tíì di àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́ ọn.

Àbúrò mi bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ náà ọmọ òun kò ní jẹun alẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. “N kò ní kí ẹ mú un rù. Ọmọ tí ń ga lọ́wọ́ ni. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró, tàbí tí ó rọra ń lọ, gíga yóò bá a. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo fún mi tí ẹ lè yí padà nínú ilé yín láàárín oṣù yìí. Ohun kan péré.” Wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìndòdò. Ìyá ọkọ ń tà á níwájú ilé, ọmọ sì ń mu ìgò méjì lójúmọ́, ọ̀kan nígbà tí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ta ni yóò sọ fún ìyá ọkọ pé ohun tí ó fi ń ṣìkẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣe é ní ibi? Àbúrò mi kò lè sọ ọ́. Èmi náà kò lè sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni mo jẹ́ nínú ilé náà. Nọ́ọ̀sì ní kí a bá òun bẹ màmá kí wọ́n tẹ̀lé ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Màmá wá, wọn kò sì wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ní, “Ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di igi ìgbálẹ̀ ni?” Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí wọn. Kò jà, kò mú àtẹ jáde. Ó ní òun fẹ́ kí màmá sọ fún òun ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 11. Inú màmá dùn sí ìbéèrè náà. Wọ́n sọ ti ẹ̀kọ àti èkuru, ti ẹ̀wà tí wọ́n fi epo díẹ̀ sè, ti ọsàn tí wọ́n ń mu lábẹ́ igi, ti omi inú àmù. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kí wọ́n sì ru igi bọ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè pé ṣé àwọn ọmọ ìgbà náà sanra. Màmá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò ó lójú, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì, èmi fúnra mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé ohun tí ó ń ṣe mí ni ó fẹ́ ṣe ọmọ yìí?”

Nọ́ọ̀sì ní, “Kò tíì débẹ̀, Màmá. Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè yín nìyẹn.”

Láti ọjọ́ náà, màmá ni ọlọ́pàá ilé. Wọ́n ṣì ń ta ẹlẹ́rìndòdò wọn, nítorí òwò ni, ṣùgbọ́n omi tútù ni ọmọ ń bá nínú fìríìjì tí ó bá dé. Ní tèmi, mo jókòó ti màmá, mo fi ìṣirò náà hàn wọ́n lára ìgò. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé gíráàmù 10 ṣúgà ni ó wà nínú mílílítà 100, ìgò mílílítà 350 ti di gíráàmù 35. Nǹkan bí gíráàmù 4 ni kúbù ṣúgà kan. Ó ń lọ sí kúbù mẹ́sàn-án nìyẹn, ìgò méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjìdínlógún. Ta ni nínú wa ni yóò ka kúbù méjìdínlógún sí ọwọ́ ọmọ kí ó máa lá a? Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba náírà 10 lórí lítà kan ohun mímu aládùn, ṣùgbọ́n lójú tèmi owó náà kéré jù láti dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró.

Nígbà tí ti ìgò yanjú, wọ́n bọ́ sí òmíràn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé ni ó yí oúnjẹ padà, kì í ṣe ọmọ nìkan, nítorí pé bí a bá gbé ẹ̀fọ́ fún ọ̀kan tí a sì gbé dòdò fún àwọn yòókù, ìyà ni a fi jẹ ẹ́. A kò lé iyán jáde. Iyán tí ó tó ìkúùkù ọmọ náà méjì ni wọ́n ń bù fún un, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtíéké tí wọ́n kó bọ̀ láti Àbíjàn kò ní ẹ̀bi púpọ̀, ẹ̀gẹ́ náà ni, ìbátan gaàrí. Òróró tí wọ́n ń dà lé e lórí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín tí wọ́n ń pè ní àlókò ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Mọ́ínmọ́ín àti ògì tí a kò da ṣúgà sí dípò búrẹ́dì àti bọ́tà láàárọ̀. Ọsàn jíjẹ, kì í ṣe omi ọsàn inú páálí. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n nígbà oúnjẹ, ọmọ sì ń sùn ní aago mẹ́sàn-án. Ní ti eré, wákàtí kan lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 fi máa lo ara rẹ̀ dáadáa. Ọmọkùnrin ń rí bọ́ọ̀lù gbá. Ọmọbìnrin ni a ń sọ fún pé kí ó jókòó kí ó máa ṣe bí obìnrin. Mo rò pé ó yẹ kí a jáwọ́ nínú èyí. Ten-ten dára, fífò lórí okùn dára, ọmọ odó lọ́wọ́ ọmọ ọdún 11 sì dára pẹ̀lú.

Ohun kan wà tí àwa àgbà kò mọ̀ rárá. Ní ìgbà kẹta, nọ́ọ̀sì ní kí a jẹ́ kí òun bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ó ní ọmọ tí ó ti ń di géńdé gbọ́dọ̀ ní ẹnu tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ jáde, ó gbà kí nọ́ọ̀sì sọ díẹ̀ fún ìyá òun: ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, olùkọ́ kan ni ó kọ́kọ́ pè é ní Àgbá, gbogbo kíláàsì sì gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni kì í fi í jáde síta nígbà eré, tí ó fi ń jókòó ti bisikíìtì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò jẹ ẹ́ lógún. Ó ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ òun pe òun ni. Àbúrò mi lọ bá olùkọ́ náà, wọ́n sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí, orúkọ náà sì dín kù. Ó tún mú páálí tíì kan jáde nínú àpò rẹ̀ ní ọjọ́ náà, tí ó rà nínú ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní yóò fọ ọ̀rá dànù láàárín ọjọ́ 14. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀ ń fà, omi ara ni ọmọ yóò sì pàdánù.

Ọdún kan ti kọjá. Ọmọ náà ti di ọdún 12, ó ti ga tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 52, ó sì wúwo tó kílógíráàmù 60. Ẹni tí ó bá wo ìwọ̀n nìkan yóò ní ó tún ti fi 2 kún un. Ẹ ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i pé 27 ti di 26. Ìlà ti ọmọ ọdún 12 wà ní 25, kò tíì bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti padà sí ibi tí ó yẹ. Dúdú ọrùn ṣì wà, ó kàn ti fẹ́lẹ́ ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lọ.

Fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà lẹ́yìn, tiyín rọrùn. Ọmú nìkan fún oṣù 6, kí a sì máa fún un lọ́mú títí yóò fi pé ọdún 2 ó kéré tán, pẹ̀lú oúnjẹ ilé. Ẹ má ṣe da ṣúgà sínú ògì ọmọ. Bí ó bá yí orí kúrò níbi ṣíbí, ó ti yó; ẹ má ṣe fi agbára rọ ọ́. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a máa wọn ìwúwo àti gíga ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 papọ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí a gba òbí tí ọmọ rẹ̀ wúwo jù nímọ̀ràn, kí a sì ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i fún èyí tí ó sanra jù. Ìlànà ti wà. Ọwọ́ tí yóò ṣe é ni ó ṣọ̀wọ́n. Nọ́ọ̀sì kò pọ̀ ní abúlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, ìyá tí ó ń dúró lórí bẹ́ǹṣì sì lè ju ogún lọ ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Òṣùwọ̀n máa ń wà. Ohun tí a fi ń wọn gíga ni kì í sábà sí.

Téèpù aránṣọ ni nọ́ọ̀sì wa lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó wọn sẹ̀ǹtímítà 50 láti ilẹ̀, ó fi ìṣó kan ìdí téèpù mọ́ ibẹ̀, nítorí náà 50 ni ó máa ń fi kún ohun tí ó bá kà. Ọmọ a bọ́ bàtà, yóò tú gèlè tàbí fìlà, yóò fi gìgísẹ̀ kan ògiri, nọ́ọ̀sì yóò sì fi ìwé líle kan lé e lórí. Bí ẹ bá ń gbé àbúrò lọ gba abẹ́rẹ́, ẹ mú ẹ̀gbọ́n dání kí wọ́n wọn òun náà, kí ẹ sì yọ káàdì rẹ̀ nínú àpótí kí ẹ tó kúrò nílé.